Àmì Tí Ó Ní Àṣẹ, àti Bí Ètò Java Ṣe Ń Wá Àrọ́pò Rẹ̀

Nígbà tí ìwé kíkọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba ńlá wa a máa fi àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ méjì pọ̀, tí ó mú kí wọ́n kọ ojú sí ara wọn, tí ó sì fi wọ́n rán ìránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó gbà wọ́n yóò mọ̀ pé ìfẹ́ ni a fi hàn sí òun, àti pé a ń fẹ́ rí ojú òun. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ti di ìjà nìyẹn. Ẹ kíyèsí i pé owó ẹyọ kan náà yìí ni a ń ná ní ọjà. Ní ọwọ́ ìyá ọlọ́jà, owó ni; nínú àrokò, ọ̀rọ̀ ni. Bí ènìyàn bá wá fẹ́ fi owó ẹyọ méjì ránṣẹ́ kí a fi ra iyọ̀, kí ni yóò ṣe kí ẹni tí ó gbà á má baà rò pé àrokò ni? Àfi kí ó fi ohun kan sí i tí yóò fi hàn pé owó lásán ni. Ìṣòro yìí gan-an ni ó ń bá àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà fínra. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń yanjú rẹ̀ nínú èdè Java, èyí tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà gbé jáde fún gbogbo ayé ní 1995.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Gbogbo àmì tí a ń tẹ̀ ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀: "a" ni 97, "b" ni 98, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ. Lára àwọn àmì wọ̀nyí ni márùn-ún wà tí wọ́n ní àṣẹ nínú ìwé tí a bá kọ fún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Èkíní ni &, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 38. Èkejì ni <, tí ó jẹ́ 60. Ẹ̀kẹta ni >, tí ó jẹ́ 62. Ẹ̀kẹrin ni àmì tí a fi ń há ọ̀rọ̀ ẹnu, ", tí ó jẹ́ 34; ẹ̀karùn-ún sì ni èyí tí ó jẹ́ ẹyọ kan, ', tí ó jẹ́ 39. Bí kọ̀ǹpútà bá rí < nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò ní rò pé apá kan ọ̀rọ̀ ni. Yóò rò pé àṣẹ ni a fẹ́ pa fún òun. Bí olùkọ́ ìṣirò kan ní Bódìjà bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé a<b, ohun tí ó tẹ̀ lé < lè pòórá kúrò ní ojú òǹkàwé, nítorí pé kọ̀ǹpútà ti gbé e mì bí àṣẹ.

Ewu kan wà tí ó ju ti ọ̀rọ̀ tí ó pòórá lọ. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ewé ni a ti ń gba àwọn àlejò láàyè láti kọ orúkọ wọn àti èrò wọn sílẹ̀. Bí olè kan bá kọ àṣẹ síbẹ̀ dípò orúkọ, tí ètò náà sì gbé e jáde bí ó ti wà, kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tí ó bá ṣí ojú ewé náà yóò máa ṣe ohun tí olè wí. Nítorí náà ni a ṣe ń fi àrọ́pò kọ àwọn àmì wọ̀nyí. Dípò <, a ó kọ &lt;. Dípò >, a ó kọ &gt;. Dípò &, a ó kọ &amp;. Àmì méjì tí ó kù a máa di &quot; àti &#39;. Bí kọ̀ǹpútà bá rí àrọ́pò, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lásán ni, kì í ṣe àṣẹ, yóò sì fi àmì gidi han ẹni tí ó ń kàwé.

Bí ó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ń kọ, márùn-ún yìí ì bá tó. Ṣùgbọ́n èdè tiwa ní ohun tí ó fi yàtọ̀. Láti ìgbà Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Ìpàdé jókòó lé e lórí ní Èkó ní 1875. Ní 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìwé kan jáde láti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn, nínú èyí tí ó yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò tí ó sì dá àbá àtúnṣe. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ohun tí a kò jẹ́ kí ó sọnù ni àmì ìsàlẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, àti àmì ohùn tí a ń fi sí orí lẹ́tà. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Owó, ọwọ́, òwò, ọ̀wọ̀ àti ọ̀wọ́: bí a bá yọ àmì kúrò, gbogbo wọn di "owo", òǹkàwé kò sì ní mọ èyí tí a ń wí.

Àtẹ àmì tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ ń lò kò ní ju àyè 256 lọ. A rí àyè fún á, à, é àti è níbẹ̀, nítorí pé àwọn ará Faransé àti àwọn mìíràn ní Yúróòpù ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ. Ètò tuntun tí a ń pè ní Unicode, tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni a ti wá rí àyè fún wọn. Nínú rẹ̀, Ṣ ni 7778, ṣ ni 7779, Ẹ ni 7864, ẹ ni 7865, Ọ ni 7884, ọ sì ni 7885. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí ó dá dúró ni 768, ti òkè sì ni 769. Nítorí náà, ẹ́ kì í ṣe ẹyọ nọ́ńbà kan fún kọ̀ǹpútà. 7865 ni, tí 769 tẹ̀ lé e. Java mọ gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètò Java kan bá fẹ́ kó ọ̀rọ̀ wa sínú ìwé tí ó ń lo àtẹ onílẹ́tà 256, ohun tí kò bá rí àyè fún ni yóò sọ di àmì ìbéèrè. Ọmọbìnrin tí ó ń jẹ́ Ṣọlá yóò wá di "??lá".

Ọ̀rọ̀ orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá ti wo ilé, tí a sọ ọmọ ní orúkọ, kò yẹ kí ẹ̀rọ wá yí i padà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi dìde láti tọ́jú orúkọ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ́lá Túbọ̀sún, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó dá ìwé atúmọ̀ orúkọ tí a ń pè ní YorubaName sílẹ̀ ní 2015, èdè Java ni a sì kọ́kọ́ fi kọ ètò tí ó gbé e ró. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ kan tí ó bá sọnù ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan ní àpẹẹrẹ. Ètò kan fẹ́ kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ojú ewé tí ó ń lo àtẹ àtijọ́ onílẹ́tà 256. Àmì márùn-ún tí ó ní àṣẹ ń fẹ́ àrọ́pò. Lẹ́tà mẹ́fà tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ ń fẹ́ àrọ́pò pẹ̀lú; àrọ́pò ẹ, fún àpẹẹrẹ, ni &#7865;. Àmì ohùn méjì tí ó dá dúró náà ń fẹ́ tiwọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 13. Fún àmì kọ̀ọ̀kan tí ó bá pàdé, ètò náà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó wà lára àwọn 13 yìí, àti ohun tí ó jẹ́ àrọ́pò rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n kíákíá?

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ máa ń tọ̀ ni kí wọ́n ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo <. Kí wọ́n tún padà sí òkè, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo >. Bẹ́ẹ̀ títí ìgbà 13. Àléébù méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní, ìrìn àjò 13 ni a rìn fún iṣẹ́ tí ìrìn àjò kan tó fún. Èkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ sọ < di &lt;, tí ó wá padà láti pààrọ̀ &, yóò bá & tí òun tìkára rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, yóò sì sọ ọ́ di &amp;lt;. Òǹkàwé kò ní rí < mọ́; &lt; ni yóò rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ fi & ṣe àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rin ìrìn kan ṣoṣo, tí ó ń wo àmì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní wàhálà yìí rárá.

Bí a bá ti gbà láti rin ìrìn kan, ó ku bí a ó ṣe máa wá àrọ́pò. A lè to àwọn àmì 13 náà sílẹ̀, kí a sì máa béèrè lọ́wọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ṣé ìwọ ni? Ṣé ìwọ ni?" Báyìí ni àlejò ṣe ń wá ènìyàn nínú agbo ilé ńlá ní ìgboro Ìbàdàn àtijọ́. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè ní gbogbo ẹnu ọ̀nà yóò pẹ́ kí ó tó dé ilé. Lẹ́tà "a", tí kò fẹ́ àrọ́pò kankan, ni yóò pẹ́ jù, nítorí pé ìgbà 13 ni a ó béèrè kí a tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Ẹ wá wo ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá tí ó wà ní Dùgbẹ̀. Àwọn àpótí lẹ́tà wà níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Akọ̀wé tí ó bá mú lẹ́tà tí a kọ nọ́ńbà àpótí sí kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sí àpótí náà. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Java. A ó to àpótí 128, láti 0 dé 127. A ó fi &lt; sínú àpótí 60, a ó fi &amp; sínú 38, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ; a ó fi àwọn tí ó kù sílẹ̀ ní òfìfo. Bí "a" bá dé, ètò yóò wo àpótí 97, yóò bá a ní òfìfo, yóò sì jẹ́ kí "a" kọjá. Ìwò kan péré ni, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ṣùgbọ́n ọ ńkọ́, tí ó jẹ́ 7885? Bí a bá to àpótí láti 0 dé 7885, wọn yóò jẹ́ 7,886. Àpótí 13 ni a ó lò, 7,873 yóò sì wà ní òfìfo. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn yan ohun èlò Java tí a ń pè ní HashMap. HashMap kì í to àpótí fún gbogbo nọ́ńbà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpótí 16. Nọ́ńbà tí a bá gbé fún un, yóò fi 16 pín in, yóò sì fi ìyókù ṣe nọ́ńbà àpótí. Bí a bá fi 16 pín 38, ìyókù jẹ́ 6; nítorí náà & wọ àpótí 6. Ẹ ẹ́ pín 7865 bákan náà, ìyókù jẹ́ 9. Nítorí náà ẹ wọ àpótí 9. Ọgbọ́n tí ó dára ni, nítorí pé nọ́ńbà ńlá àti kékeré ni ó rí àyè nínú ilé kan náà.

Síbẹ̀, àwọn méjì lè bọ́ sínú àpótí kan. Bí a bá fi 16 pín 60, ìyókù jẹ́ 12. Bí a bá fi pín 7884, ìyókù jẹ́ 12 pẹ̀lú. Nítorí náà < àti Ọ di ará ilé kan, ètò náà sì gbọ́dọ̀ fi ojú wo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó mọ èyí tí a ń wá. Nígbà tí ẹrù inú HashMap bá ju 12 lọ, yóò sọ àpótí 16 di 32. Tiwa jẹ́ 13, nítorí náà yóò di 32. Nígbà náà < yóò bọ́ sí àpótí 28, Ọ yóò sì wà ní 12. Wọ́n ti pínyà. Ṣùgbọ́n Ṣ àti ", tí wọ́n jọ wà ní àpótí 2 tẹ́lẹ̀, ṣì jọ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa HashMap ni pé kì í gba nọ́ńbà àmì lásán. Java gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di í sínú ẹrù kékeré kan tí ó ń jẹ́ Character. Fún nọ́ńbà 0 dé 127, Java ti di ẹrù wọn sílẹ̀ de ìgbà tí a ó lò wọ́n. Fún èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè máa di ẹrù tuntun ní gbogbo ìgbà tí a bá béèrè. Ẹni tí ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé èyí kò já mọ́ nǹkan, nítorí pé àmì tí ó ju 127 lọ kò wọ́pọ̀ nínú ìwé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá, ekukáká ni a ó fi ka gbólóhùn kan kí a má pàdé wọn. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní ilé onílé, oúnjẹ òòjọ́ ni ní ilé tiwa. Ìmọ̀ràn tí a gbà láti inú ìwé àwọn ẹlòmíràn lè dára fún wọn, kí ó má bá iṣẹ́ wa mu.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí a tún wo nọ́ńbà àwọn lẹ́tà wa. Ṣ ni ó kéré jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 7778. Èyí tí ó ga jù ni ọ, 7885. Láti ọ̀kan dé èkejì kò ju àyè 108 lọ. Nígbà tí a kọ́ àwọn ilé ìjọba sí Bódìjà, kò sí ẹni tí ó ka ilé ibẹ̀ láti Mápó wá. A bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà tiwọn. Bákan náà ni àwa yóò ṣe. A ó to ìlà àpótí kejì, tí yóò ní 108 péré. Bí lẹ́tà kan bá wà láàárín 7778 àti 7885, a ó yọ 7778 kúrò nínú nọ́ńbà rẹ̀, a ó sì lọ tààrà sí ibi tí ó bá kù. Ṣ wà ní 0, ẹ wà ní 87, ọ wà ní 107. Àmì ohùn méjì, 768 àti 769, a lè fi ìbéèrè kan ṣoṣo dá wọn mọ̀. Kò sí ẹrù dídì, kò sí ẹni tí ó ń bá ẹlòmíràn gbé àpótí kan. Ìlà 128 àti ìlà 108 jẹ́ àpótí 236. Ibo ni èyí wà sí 7,886?

Èyí kò wí pé kí a kó HashMap dànù. Bí àwọn àmì tí ó ń fẹ́ àrọ́pò bá pọ̀, tí nọ́ńbà wọn sì fọ́n káàkiri, òun ni ó yẹ. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wà nínú Java: Hashtable, tí ó dàgbà jù ú lọ, a máa ti ilẹ̀kùn nígbà tí ẹnì kan bá ń wo inú rẹ̀, àwọn yòókù a sì dúró, TreeMap a máa to ẹrù rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ìbéèrè púpọ̀ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Olúkúlùkù ni ó ní iṣẹ́ tí ó wúlò fún, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ wa yìí kò nílò ohun tí wọ́n ń ṣe. Èyíkéyìí tí a bá sì yàn, ẹ̀ẹ̀kan ni kí a to àtẹ náà, kí a máa lò ó títí. Ẹni tí ó bá ń tún un tò ní gbogbo ìgbà tí orúkọ kan bá dé dà bí akọ̀wé tí ó ń kan àpótí tuntun fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú gbogbo èyí: ṣé dandan ni kí a ṣe iṣẹ́ náà? Ojú ewé tí ó bá ń lo ọ̀nà ìkọ̀wé tí a ń pè ní UTF-8 ní àyè fún gbogbo lẹ́tà Unicode. Nínú irú rẹ̀, ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn kò fẹ́ àrọ́pò kankan. Àwọn márùn-ún tí ó ní àṣẹ nìkan ni ó kù, ìlà 128 sì tó wọn. Java tìkára rẹ̀ ti gba ọ̀nà yìí. Kí Java 9 tó jáde ní 2017, ìwé tí a fi ń kó ọ̀rọ̀ èdè oríṣiríṣi pamọ́ fún ètò, àtẹ àtijọ́ ni ó ń lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ẹ síbẹ̀ ní láti kọ \u1EB9. Láti ìgbà náà, a lè kọ ẹ bí ó ti rí. Ní 2022, Java 18 sì fi UTF-8 ṣe ọ̀nà tí ó ń tọ̀ níbi gbogbo bí a kò bá sọ òmíràn fún un. Iṣẹ́ tí ó yá jù ni èyí tí kò di dandan pé kí a ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, púpọ̀ nínú yín ni yóò jókòó ní ìdí kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ kan, bóyá nínú yàrá ẹ̀kọ́ Yunifásítì, bóyá nínú ọ̀kan lára àwọn ìsọ̀ ìtẹ̀wé tí ó kún Agbowó. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí yóò bá kọ ètò, kí ó ka ìwé tí ètò náà yóò máa gbé kí ó tó yan ohun èlò. Kí ó mọ àmì tí ó pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n, àti èyí tí ó léwu. Kí ó kọ́kọ́ rí i dájú pé iṣẹ́ rẹ̀ tọ̀nà, kí ó tó wá ọ̀nà tí yóò fi yá. Bí ó bá sì sọ pé ọ̀nà kan yá ju òmíràn lọ, kí ó wọ̀n ọ́n wò, kí ó má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Orúkọ tí ó bá yára dé, tí àmì rẹ̀ ti sọnù lójú ọ̀nà, orúkọ ẹlòmíràn ni.